Bí mo ṣe fi pentacene ṣe tiransísítọ̀

Ègé sílíkọ́nì méjì ni mo kó sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Pentacene kan náà ló bà lé wọn, wúrà kan náà ni mo fi ṣe ojú iná wọn. Ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ síra kò ju awọ kẹ́míkà kan tí kò nípọn tó nánómítà mẹ́ta lọ. Síbẹ̀, nígbà tí mo wọ̀n wọ́n, iná tó gba inú ọ̀kan kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì.

Tiransísítọ̀, ohun kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún iná tó sì ń dí i, ló wà nínú fóònù wa; sílíkọ́nì ni wọ́n fi ń ṣe é. Pentacene tí mo fi ṣe tèmi yìí, kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn ni: òrùka benzene márùn-ún tó so kọ́ra, C22H14, ìyẹ̀fun aláwọ̀ búlúù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ní 1986, àwọn ará Japan mẹ́ta, Tsumura, Koezuka àti Ando, ti fi polythiophene, ike oníkábọ́ọ̀nù kan, ṣe irú rẹ̀. Iná ń gba source wọlé, ó ń gba drain jáde. Gate, ìyẹn sílíkọ́nì náà fúnra rẹ̀, wà nísàlẹ̀; gíláàsì (SiO2) tí kò jẹ́ kí iná kọjá ló wà láàárín òun àti pentacene. Tí a bá fún gate ní fóltéèjì òdì, á fa iná rere wá sí ìdí pentacene, níbi tó ti fara kan gíláàsì, ọ̀nà á sì là. Ìpele mólékù kan tàbí méjì péré ni iná náà ń gbà, ìpele kan kò sì ju nánómítà 1.5 lọ. Nánómítà 50 ni mo dà sórí rẹ̀. Ìyókù ń wòran ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lo àkókò jù lórí ojú gíláàsì. Ó nípọn tó nánómítà 300. Mo fi acetone fọ̀ ọ́, mo fi isopropanol ṣàn án, mo fi náítírójìn fẹ́ ẹ gbẹ, mo wá gbé e sábẹ́ iná UV kí ọ̀rá tó kù lè jóná tán. Irú ìfọ̀ báyìí máa ń fi OH, ọ́síjìn kan àti háídírójìn kan tó so pọ̀, sílẹ̀ káàkiri ojú rẹ̀. OH fẹ́ràn omi, ó sì máa ń dá iná lọ́nà. Ní 2005, Chua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge fi hàn pé OH yìí ló ń mú ẹlẹ́kítíróònù mọ́lẹ̀, tí àwọn ènìyàn fi rò pé ohun èlò oníkábọ́ọ̀nù púpọ̀ kò lè gbé e.

Mo rì ọ̀kan nínú ègé méjèèjì sínú OTS (octadecyltrichlorosilane, òun ló ń di awọ kẹ́míkà tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀) tí mo pò mọ́ toluene. Klọ́rínì wà ní orí mólékù OTS, òun ló ń jẹ́ kó di OH mú; ìrù rẹ̀ jẹ́ kábọ́ọ̀nù 18, ìrù yìí ló sì ń dúró sókè. Toluene yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ o. Bí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀, OTS á so mọ́ ara rẹ̀, á di kóro funfun-funfun lójú gíláàsì. Lẹ́yìn tí mo ṣàn án tí mo sì yan án gbẹ, mo kán omi sí i. Lórí ègé tí kò ní OTS, omi tẹ́ pẹrẹsẹ. Lórí èkejì, ó ká jọ bí omi orí ewé kókò, igun tí etí omi náà fi kan ojú rẹ̀ ju 100° lọ. Tí tiyín kò bá ká báyìí, ẹ má wulẹ̀ bá iṣẹ́ lọ, ẹ tún un ṣe.

Dída pentacene kò ní wàhálà púpọ̀, sùúrù nìkan ló ń fẹ́. Ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú àpótí jáde, sílíkọ́nì wà ní 60°C, pentacene tó ti di oru ń bà lé e, ó ń nípọn sí i ní nǹkan bíi nánómítà 0.02 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà ni mo fi wúrà lé e láti inú páálí irin tí wọ́n ti dá ihò sí, kó lè di source àti drain.

Nígbà tí mo gbé wọn sábẹ́ AFM, ẹ̀rọ tó ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ya àwòrán ojú nǹkan, ibẹ̀ ni mo ti gbádùn iṣẹ́ náà jù. Lórí gíláàsì lásán, hóró pentacene tóbi, wọ́n yọ ẹ̀ka, wọ́n dùn ún wò. Ti orí OTS kéré, wọ́n há mọ́ra. Ààlà àárín hóró méjì ni iná ti máa ń há, nítorí náà ẹni tó bá fojú lásán wò ó á ní èyí tó tóbi ló máa dára jù. Òkè ni AFM ń fi hàn wá. Ìsàlẹ̀ ni iná ń gbà. Ní ìsàlẹ̀, OTS ti bo OH mọ́lẹ̀, omi kò sì rí ibi dúró sí.

Inú òkùnkùn ni mo ti wọ̀n wọ́n, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń da pentacene láàmú. Drain wà ní −60 V. Mo mú gate láti +10 V lọ sí −60 V, mo sì dá a padà. Lórí gíláàsì lásán, ìlọ àti àbọ̀ gba ọ̀nà méjì, àmì pé nǹkan kan ń há iná mọ́, omi sì ni mo fura sí. Ti OTS fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ara wọn.

Láti mọ mobility, ìyẹn bí iná ṣe ń rọrùn láti rìn nínú ohun èlò kan, ẹ ya gbòǹgbò ìlọ́po méjì iye iná sí fóltéèjì gate, kí ẹ wo bí ìlà náà ṣe dà gẹ̀rẹ̀ tó. Mo rí 0.6 cm²/Vs fún ti OTS, 0.2 fún èkejì. Sílíkọ́nì amorphous, èyí tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tò létòlétò, tí wọ́n ń lò nínú ojú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ wà ní nǹkan bíi 1. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti gé ìlà náà ṣe pàtàkì. Ní 2016, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ti NIST, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n níbẹ̀, wà lára wọn, fi hàn pé tí ìlà bá tẹ̀, tí ẹnìkan sì mú ibi tó dà gẹ̀rẹ̀ jù, mobility tó máa kọ sílẹ̀ lè fi ìlọ́po mẹ́wàá ju òótọ́ lọ. Láti −30 V sí −60 V, níbi tó ti tọ́, ni mo ti mú tèmi, mo sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì náà.

Ọ̀rọ̀ wúrà ló kù. Òkè ló wà, iná sì gbọ́dọ̀ gba inú pentacene sọ̀kalẹ̀ kó tó rìn. Mo wọn àwọn tí àlàfo source sí drain wọn jẹ́ maikirómítà 50, 100, 150 àti 200, mo sì ya ìdènà wọn sí gígùn àlàfo. Tí wúrà kò bá ní ìdènà tirẹ̀, ìlà náà ì bá kan òdo. Kò kàn án. Lórí àlàfo 200, ìdènà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Lórí 50, ó ti ń bù nínú mobility. Nánómítà 30 ni mo máa da pentacene nígbà mìíràn, kí iná lè tètè dé ìsàlẹ̀.