Bí mo ṣe pààrọ̀ nọ́kù ẹsẹ̀ iwájú Corolla mi

Nọ́kù ni irin tí táyà, bíréèkì àti ṣọ́ọ̀kù so mọ́. Kòtò kan lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló dá wàhálà tèmi sílẹ̀. Látìgbà náà ni mọ́tò ti ń fà sọ́tùn-ún, tí táyà iwájú ọ̀tún sì ń jẹ láti inú. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ni, ìyẹn oríkèé tó wà nísàlẹ̀ nọ́kù. A pààrọ̀ ẹ̀, pàbó ló já sí. Nọ́kù gan-an ló ti wọ́.

Tókunbọ̀ ni mo rà, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó bá ọdún mọ́tò mu. Ẹ yẹ ihò bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó o. Àwọn tó ń tà á míì á kàn kùn ún lọ́dà ni.

Kí n tó fi jáàkì gbé mọ́tò ni mo ti dẹ nọ́ọ̀tì ńlá àárín họ́ọ̀bù, ibi tí wọ́n ń de táyà mọ́. Mo fi wáyà so kálípà bíréèkì, ìyẹn èyí tó ń fún díìsì mú, kọ́ sípíríǹgì, kó má baà fi họ́ọ̀sì epo bíréèkì rọ̀. Táì-rọ́ọ̀dù, ọ̀pá tí sitẹ́árìn fi ń yí táyà, ló yọ mí lẹ́nu jù, ó ti dípẹtà. Mo da epo sí i, mo wá fi òòlù gbá ẹ̀gbẹ́ etí nọ́kù tó gbá a mú, n ò fọwọ́ kan orí bóòtù rárá. Ó fò jáde! Bóòtù méjì ti ṣọ́ọ̀kù ò le.

Bí mo ṣe de nọ́kù tí mo rà tán, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe àláímẹ́ńtì, tí wọ́n ń tún táyà tò kó lè tọ́, ni mo wa mọ́tò lọ. Kò fà mọ́.