Ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú takisí Micra kí ẹ tó débẹ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará àdúgbò. Kò sẹ́ni tó bi mí, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 dárayá lọ́sẹ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́ fún ọjọ́ 5. Kò dìgbà tí a bá sanwó jíìmù. Tẹ́ ẹ bá ń ti Dùgbẹ̀ bọ̀ wá sí Sángo n'Íbàdàn níbí, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, kí ẹ fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Ẹ yára rìn o. Tí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin, ó ti tó. Ìrìn ọjà tí à ń dúró ná aṣọ ò sí níbẹ̀! Òkè Àrẹ̀mọ dáa púpọ̀ fún ẹni tára ẹ̀ le. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́kọ́ bi dókítà ẹ̀.

Ẹ wọ kàńfáàsì. Sálúbàtà ni mo wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ kan bọ́ sí gọ́tà, mo fi ẹsẹ̀ lásán délé.

Àárọ̀ Sátidé, aago 6, èmi ti wà lẹ́nu géètì.