Bẹ́ ẹ ṣe lè kí àwọn obìnrin ńlá ilẹ̀ Faransé ní Paris lọ́sàn-án ọjọ́ kan

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin RER B, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Luxembourg, ẹ rìn gòkè díẹ̀, Panthéon nìyẹn, ilé ńlá tí wọ́n ń sin àwọn èèyàn ńlá Faransé sí, ẹ sanwó kẹ́ ẹ tètè sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n sin wọ́n sí, àwòrán ara ògiri lè dúró. Marie Curie, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, Poland ni wọ́n bí i sí o, àmọ́ Faransé ló ti ṣiṣẹ́, ó gba Nobel ní 1903, ó tún gba òmíì ní 1911, síbẹ̀ 1995 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá síbẹ̀, òjé ni wọ́n sì fi tẹ́ inú pósí ẹ̀ torí radiation, ìyẹn ìtànṣán eléwu látinú ohun tó ń ṣèwádìí ẹ̀. Ó kan Simone Veil, mínísítà ètò ìlera tó gbèjà òfin tó fàyè gba ìṣẹ́yún nílé aṣòfin ní 1974, èébú tó jẹ lọ́jọ́ yẹn ò kéré rárá, àmọ́ òfin yẹn jáde ní 1975. Josephine Baker, olórin àti oníjó, ńkọ́? Iyẹ̀pẹ̀ ló wà nínú pósí tiẹ̀, òkú ẹ̀ ṣì wà ní Monaco. Tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Musée Curie, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà fún un, ọ̀fẹ́ ni, ọ́fíìsì Marie àti lábù ẹ̀ wà níbẹ̀.