Ẹ kò ní láísẹ́ńsì ọkọ̀? Àwọn àṣìṣe inú ìwé ìdánimọ̀ tó ń jẹ́ kí wọ́n dá yín padà nìyí

Aago méje àárọ̀ ni èmi àti màmá mi jáde nílé ní Èbúté, níhìn-ín ní Ìkòròdú. Nígbà tí a máa fi dé báǹkì, èrò ti tò dé ìta. Owó tí màmá fẹ́ fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú àkáǹtì wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ti àkáǹtì náà pa. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà ní kí wọ́n mú ìwé ìdánimọ̀ wá. Màmá yọ káàdì ìdìbò, wọ́n yọ ìwé NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè), wọ́n tún yọ ìwé tí wọ́n gbà ní ìjọba ìbílẹ̀. Ọmọ náà yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó wá ní, “Ẹ má bínú, Mà. Èwo gan-an ni orúkọ yín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?”

Shittu ló wà lórí ọ̀kan. Situ ló wà lórí èkejì. Lórí ẹ̀kẹta, orúkọ bàbá wọn ni wọ́n fi parí orúkọ, wọn kò fi ti bàbá mi sí i rárá. Ọjọ́ ìbí tún yàtọ̀: 1956 níbìkan, 1959 níbòmíràn. Bí a ṣe ń jáde, ọkùnrin kan tó wà lórí ìlà bá wa kẹ́dùn, ó ní ká ní màmá ní láísẹ́ńsì ọkọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Inú rere ló fi sọ ọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Láísẹ́ńsì tó bá gbé orúkọ kẹrin wá, ńṣe ni ì bá dá kún wàhálà.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò wa ọkọ̀ rí, tí kò sì ní í lọ́kàn láti wà á, ló ń wá ẹni tí yóò bá wọn gba láísẹ́ńsì lẹ́yìn ilé, torí pé wọ́n fẹ́ káàdì tí wọn yóò máa nà jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìwé ẹ̀rí pé ènìyàn mọ ọkọ̀ wà ni láísẹ́ńsì. Ó yẹ kí ẹni tó ní in ti kọ́ ọkọ̀, kí ó sì ti ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá gbà á láìkọ́ ọkọ̀ ń gbé irọ́ tó lè pa ènìyàn kiri lójú títì Ṣágámù yìí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, báǹkì kò ní gbà á mọ́, ẹ ó sì tún padà sídìí owó sísan.

Ohun tí a ní kò kéré. NIN wà, nọ́ńbà mọ́kànlá tí àjọ NIMC ń fún wa lábẹ́ òfin ọdún 2007. Káàdì ìdìbò INEC wà, ọ̀fẹ́ ni. Pásípọ́ọ̀tù wà fún ẹni tí agbára rẹ̀ ká a. Nínú gbogbo wọn, NIN ni gbòǹgbò, nítorí pé òun ni wọ́n ń bi yín kí ẹ tó gba pásípọ́ọ̀tù, kí ọmọ yín tó forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, kí síìmù yín sì tó lè máa ṣiṣẹ́. Iforúkọsílẹ̀ rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí wọ́n tó ya fọ́tò yín, ẹ bi í pé owó kí ni.

Orúkọ ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí jù, torí òun ló ń dá ènìyàn padà jù. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ kọ̀ǹpútà kì í wo ilé. Lẹ́tà ló ń wò. Bọ́tìnnì àwọn tó ń tẹ orúkọ wa kò sábà ní ṣ, ẹ àti ọ, nítorí náà ẹni tó ń jẹ́ Ṣọlá lè di Sola lọ́dọ̀ akọ̀wé kan, kí ó di Shola lọ́dọ̀ èkejì. Lójú wa, ènìyàn kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ báǹkì, ènìyàn méjì ni. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ dúró tì í títí ayé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún akọ̀wé kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má kàn fẹnu sọ ọ́. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ yín kí ẹ kà á. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀wé kà, ẹ mú ọmọ tó mọ̀ ọ́n dání.

Oyè kì í ṣe orúkọ. Mo ti rí ìwé NIN tí wọ́n fi “Alhaja” ṣe orúkọ àkọ́kọ́ lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ọkọ ló tún ń jìyà èyí jù: BVN wọn, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì, gbé orúkọ bàbá, NIN gbé orúkọ ọkọ, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tún gbé òmíràn. Bí ẹ bá ti yí orúkọ padà, ẹ tọ́jú ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbúra kọ́ọ̀tù àti ojú ìwé ìròyìn tí ẹ ti kéde rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ wà nínú fáìlì kan. Ìwé ìbúra nìkan kò tó. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ búra. Kì í ṣe ìwé ìdánimọ̀.

Ti ọjọ́ ìbí ń dùn mí fún àwọn àgbà wa. Wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Màmá mi máa ń sọ pé ọdún kan ṣáájú òmìnira ni wọ́n bí wọn, ìyẹn 1959, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ káàdì kan fún wọn kò ní sùúrù, ó wo ojú wọn, ó sì kọ 1956. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fojú díwọ̀n ọjọ́ orí. Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ọdún 1992, tí kò ní ìwé ìbí, lè gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn, NPC. Ìwé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà kí ẹ tó lọ yí ọjọ́ ìbí padà nínú NIN, torí pé òun ni wọn yóò béèrè, owó àtúnṣe náà kò sì kéré.

Bí ìwé NIN bá sọnù, ẹ má lọ forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Òfin kò gbà á, ẹ̀rọ yóò sì dá ìka yín mọ̀. Ẹ tẹ *346# lórí síìmù tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀, nọ́ńbà náà yóò jáde. Àwọn tó lo síìmù ọmọ aládùúgbò lọ́jọ́ náà ni èyí kì í ṣiṣẹ́ fún. Ẹ lo tiyín.

Ẹ má sì ya fọ́tò ìwé NIN ránṣẹ́ sórí WhatsApp sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Láti December 2020 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí síìmù àti NIN so pọ̀. Bí àjèjì bá fi nọ́ńbà yín so síìmù tó fi lu jìbìtì, ilẹ̀kùn yín ni wọn yóò kọ́kọ́ kàn. Ẹni tó ń fún yín ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà kí ẹ fún un ní NIN yín mọ ohun tó ń rà. Ìdí rèé tí NIMC fi ṣe vNIN, nọ́ńbà onígbà díẹ̀ tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀, tó ń kú lẹ́yìn wákàtí 72. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀dà lórí bébà ni wọ́n fẹ́, ẹ kọ ọjọ́ àti ìdí tí ẹ fi fún wọn gba àárín rẹ̀ kọjá.

Káàdì ìdìbò tiyín, ẹ lọ gbà á fúnra yín, ẹ má yá ẹnikẹ́ni, ẹ má tà á. Òfin ìdìbò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló gbà wá láti tún ti màmá ṣe: ìwé NPC, lẹ́yìn náà NIN, lẹ́yìn náà BVN, kí a tó padà sí báǹkì. Bí a bá ti ti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì la ó sanwó. Nísinsìnyí, bébà kékeré kan wà nínú pọ́ọ̀sì wọn, tí mo kọ orúkọ wọn sí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú NIN. Bí akọ̀wé kankan bá ti bi wọ́n léèrè orúkọ, bébà yẹn ni wọ́n ń nà sí i.