Ẹ má torí Ojúde Ọba gba aláìsàn jáde

Nínú gbogbo àṣìṣe tí àwa Ìjẹ̀bú máa ń ṣe lórí àìsàn ọpọlọ, ìkánjú ni mo fi ṣe àkọ́kọ́. Iléyá ń bọ̀, Ojúde Ọba di ọjọ́ kẹta rẹ̀, aṣọ Régbérégbé, ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́-orí kan náà, ti wà lọ́wọ́ télọ̀. Ẹbí ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè pé lágbájá dà. Wọ́n á lọ sí wọ́ọ̀dù, wọ́n á ní ó ti ń rẹ́rìn-ín, kí dókítà yọ̀ǹda rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní wọ́ọ̀dù gan-an ni ewu pé ó lè pa ara rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, pàápàá ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì ń yọjú sí i tọ̀sán tòru. Nílé, yàrá ẹ̀yìn la máa ń fún un pé kó lọ sinmi. Kó tó jáde, ẹ bi dókítà: ọjọ́ wo la ó padà wá? Ta la ó pè bó bá di òru? Kí ìpadàbọ̀ yẹn má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ kó apakòkòrò kúrò nílé, kí ẹnì kan ṣoṣo máa tọ́jú oògùn rẹ̀, kó máa fún un ní ti òòjọ́.

Àwọn mìíràn á já aláìsàn sílẹ̀, wọn ò ní yọjú mọ́. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé, tí aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé bó ti ń gba ìtọ́jú, ní Arò, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, ó di dandan kí ẹbí kan bá aláìsàn wá. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í ṣe ìtọ́jú, mi ò ní fa ìyẹn gùn.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni "ikú yá ju ẹ̀sín". Ìpàdé ẹbí ni wọ́n ti máa ń pa òwe yìí, lójú ẹni tọ́rọ̀ kàn. Ẹni tí ikú ti ń pè létí kì í gbọ́ ọ bí òwe.

Ẹ má sì bẹ̀rù láti bèèrè. Ìbéèrè kọ́ ló ń fi èrò àtipa ara ẹni sí èèyàn lọ́kàn. "Àbúrò mi, ṣé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o pa ara rẹ?" Kí ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ní Rẹ́mọ, ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ (OOUTH) wà ní Ṣàgámù.

Bí ẹgbẹ́ bá bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, "ara rẹ̀ ò yá, ó wà lọ́dọ̀ dókítà" ti tó.