Bí Mo Ṣe Ya Ẹja Koi Ẹ̀gbọ́n Mi Sọ́tọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ògo-Olúwa, l'Óṣogbo níbí, ní adágún onísìmẹ́ǹtì kékeré nínú ọgbà wọn. Koi, ẹja aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń sìn fún ẹwà, ló wà nínú rẹ̀. Oríṣiríṣi ni koi, àmọ́ Kohaku, orúkọ irú kan ṣoṣo, ni ẹni tó tà wọ́n fún wọn pe gbogbo ẹja náà. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ n kó wọn jáde níkọ̀ọ̀kan."

Bàsíà búlúù ńlá ni mo bu omi adágún náà sí. Búlúù ni kó jẹ́ o, torí funfun, pupa àti dúdú máa ń hàn dáadáa nínú rẹ̀. Òkè la ti ń wo koi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọnà wà.

Pupa ni ojú gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ. Dúdú lèmi ń wá. Èyí tí kò ní dúdú rárá, tó jẹ́ pupa lórí funfun, Kohaku nìyẹn, ó tán. Tó bá jẹ́ pupa roboto kan ṣoṣo láàárín orí, tí kò sí pupa níbòmíràn, Tancho ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀kan, wọn ò tiẹ̀ mọ̀!

Sanke àti Showa ló gba sùúrù, torí àwọ̀ mẹ́ta yẹn náà ni àwọn méjèèjì ní. Mo rẹ ọwọ́ sómi kí n tó gbá ọ̀kan mú. Dúdú la orí rẹ̀ kọjá. Mo wo lẹbẹ àyà rẹ̀: ìdí rẹ̀, níbi tó ti so mọ́ ara, dúdú kirikiri. Dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ náà sì wọ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ sísàlẹ̀. Showa pọ́ńbélé, irú tí wọ́n mú jáde ní Japan lọ́dún 1927. Orí èkejì mọ́ tónítóní, dúdú tó ní kò ju kéékèèké lókè ẹ̀yìn lọ, ìlà tín-ín-rín ló sì wà lára lẹbẹ rẹ̀. Sanke nìyẹn.

Èyí tó wá wù mí jù ni Asagi. Ìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tò bí àdìrẹ tí aró rẹ̀ ti ń ṣá, pupa wá wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ ikùn. Ogon kò le: àwọ̀ kan ṣoṣo, tó ń dán yinrin.

Mo ya fọ́tò gbogbo wọn látòkè, mo kọ déètì sí i. Àwọ̀ koi kékeré kì í dúró sójú kan. Dúdú Showa mìíràn ṣì wà lábẹ́ awọ, ó di ìgbà tó bá dàgbà kó tó yọ jáde.