Kí Ẹ Tó Wọ Mòòkùn
Fún àwọn awayanrìn, àwọn apẹja àti ilé tó ní kànga

Etí ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ ò ní tíì lọ ju mítà kan tàbí méjì sísàlẹ̀ tí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, bí ẹni fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti ìta. Àwọn tó ń wa yanrìn ní Odò Àsà mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń tú àwọ̀n tó há mọ́ kùkùté lódò Ọ̀yún náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní àwọn ti mọ́ra. Kò yẹ kó mọ́ni lára.

Ẹ bu omi kún ágbá. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá tí kò lu, kí ẹ rì í sínú omi, kí omi má gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Ọ̀rá yẹn á lẹ̀ mọ́ ọwọ́ yín pinpin, torí omi ń tẹ̀ ẹ́ yíká. Omi ágbá lásán nìyẹn o. Ní mítà 10, ohun tó ń tẹ ara wa á di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Ní mítà 20, ìlọ́po mẹ́ta. Ẹran ara ò kà á sí, torí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń súnkì: èyí tó kún ẹ̀dọ̀fóró lórí ilẹ̀ á ku ìdajì ní mítà 10. Èyí tó wà lẹ́yìn ìlù etí náà á súnkì, ìlù etí á sì tẹ̀ wọnú.

Ihò tóóró kan ti ọ̀fun lọ sẹ́yìn ìlù etí. Ẹ fi ìka méjì di imú, ẹ pa ẹnu dé, ẹ wá rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú títí etí á fi dún pọ́. Kó tó dùn yín ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì máa tún un ṣe bí ẹ ti ń lọ. Bí kò bá dún, ẹ gòkè díẹ̀. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, kó jókòó sílé. Ihò yẹn ti dí. Bí ìlù etí bá lu nísàlẹ̀, omi tútù á wọ inú, òòyì á kọ́ni, a ò sì ní mọ ibi tí òkè wà mọ́.

Ó ṣe èmi náà rí, nígbà tí garawa já sínú kànga wa tí mo ní kí n ṣe akin. Ẹ̀jẹ̀ jáde létí mi, wọ́n sì ro òróró gbígbóná sí i. Ẹ má ro ohunkóhun sí i. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Àwọn ọmọkùnrin tó ń fi mòòkùn díje nídìí dáàmù máa ń mí kíákíá bí ìgbà ogún kí wọ́n tó bọ́ sómi, kí èémí lè pẹ́. Ikú ni wọ́n ń pè. Ohun tó ń lé wa jáde pé ká wá mí ni afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tó ń kóra jọ nínú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ọ́síjìn tó ń tán. Mímí kíákíá ti lé ìdọ̀tí yẹn lọ, nítorí náà ọmọ á dákú láìjà, nígbà mìíràn nígbà tó kù díẹ̀ kó yọrí. Kí ẹnìkan tó mọ omi wẹ̀ máa ṣọ́ ọ látòkè.

Fífi rọ́bà gígùn mí láti orí omi? Bó bá ti kọjá bíi mítà kan, omi ti tẹ àyà pa, a ò ní rí afẹ́fẹ́ fà.

Ẹni tí ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nísàlẹ̀ kò gbọdọ̀ séèémí bó ti ń gòkè: afẹ́fẹ́ yẹn á wú, ẹ̀dọ̀fóró lè bẹ́. Kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, pàápàá bó bá pẹ́ nísàlẹ̀ tó jìn, nítorí náítírójìn, ìyẹn ọ̀kan lára ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, tó ti wọ ẹ̀jẹ̀ lè hó bí ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Bí oríkèé bá ń ro ó lẹ́yìn náà, tàbí tí ẹsẹ̀ kú, ẹ má fi òrí pa á. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé inú omi ló ti ń bọ̀.